Gómìnà Tó Fún Olè Nígi, Tó Lé Aládùúgbò Rẹ̀ Jáde

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹni tó bá wà nídìí mọ́tò, kó jọ̀ọ́ gbé fóònù sílẹ̀, kó délé kó tó kà á. A ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ "Àmín" sísàlẹ̀ lónìí. Ẹjọ́ ara wa la fẹ́ rò, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹlòmíì la máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, torí inú tirẹ̀ la ti rí tiwa.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìjọ wa lẹ mọ ohun tí a kọ sára ògiri lẹ́yìn pẹpẹ: ìlú orí òkè. Mátíù orí karùn-ún ni. Láti ìgbà tí a ti wà lábẹ́ àtíbàbà la ti ń pe ara wa bẹ́ẹ̀. Àìmọye ìgbà la ti wàásù lórí ẹsẹ yẹn, tí a ó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi dá Amẹ́ríkà sílẹ̀, pé gómìnà kan tó jẹ́ onígbàgbọ́ ló fi wàásù fáwọn tó fẹ́ lọ tẹ̀dó síbẹ̀. Ẹ máa ń pàtẹ́wọ́. Àwa náà á sì kọjá sí kókó tó kàn. Ká má purọ́, ìyẹn nìkan la mọ̀ nípa gómìnà ọ̀hún.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ wa obìnrin tó ń kàwé ní Boston fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ère obìnrin kan ni, ó dúró níta ilé ìjọba ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó gbá Bíbélì mọ́ àyà, ọmọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbójú sókè. Ọmọ wa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Dádì, obìnrin tí gómìnà yín tó ni ìlú orí òkè lé kúrò nílùú rèé o." Gómìnà yín! A rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ọkùnrin náà. Nígbà tó fi máa di aago méjì òru, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wa.

John Winthrop lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1588 ni wọ́n bí i ní Suffolk, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò aṣọ tó rówó, tó sì fi ra ilẹ̀ ńlá ní abúlé Groton, nítorí náà inú ọlá ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ọmọ ọdún 17 ló fẹ́ Mary Forth, ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí kí obìnrin náà tó kú ní 1615. Ó fẹ́ òmíràn, Thomasine Clopton. Ìyẹn lo nǹkan bí ọdún kan péré lọ́dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó kú lórí ọmọ. Kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti sin aya méjì. Ẹni kẹta, Margaret Tyndal, tó fẹ́ ní 1618, ni ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ sí lára. Kì í ṣe pásítọ̀ o. Lọ́yà ni, àgbẹ̀ onílẹ̀ ni, ọmọ Ọlọ́run tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ sínú ìwé ni.

Ọdún 1629 ni nǹkan le fáwọn tí wọ́n ń pè ní Puritan, ìyẹn àwọn onígbàgbọ́ tó ń sọ pé àtúnṣe tí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kò tíì tó, pé àṣà Àgùdà ṣì pọ̀ nínú ìsìn. Ọba Charles Kìíní tú ilé aṣòfin ká. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ń fúngun mọ́ àwọn oníwàásù wọn. Iṣẹ́ tí Winthrop ń ṣe ní kóòtù kan ní London bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan sì wà, Massachusetts Bay Company, tí ọba fún ní ìwé àṣẹ pé kí wọ́n máa ṣòwò, kí wọ́n sì máa tẹ̀dó ní Amẹ́ríkà. Ìwé àṣẹ náà kò sọ ibi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ máa ṣèpàdé. Àwọn ọmọ Ọlọ́run rí àlàfo yẹn, wọ́n ká ìwé náà mọ́ ẹrù, wọ́n gbé e wọkọ̀ ojú omi lọ. Ṣé ẹ rí i pé lọ́yà wà nínú wọn! Bí ìjọba ilé-iṣẹ́ ṣe di ìjọba ìlú nìyẹn, tí ẹni tí wọ́n yàn ṣe olórí ilé-iṣẹ́ fi di gómìnà.

Oṣù kẹrin ọdún 1630 ni wọ́n gbéra. Ọkọ̀ 11 ni, èèyàn bíi 700. Arbella ni wọ́n ń pe èyí tí Winthrop wọ̀. Margaret wà nínú oyún, kò lè bá a lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí tọkọtaya yìí ṣe, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní ìyàwó sílé tẹ́ ẹ lọ ṣiṣẹ́ ní Canada. Wọ́n dá àdéhùn pé ní gbogbo Mọ́ńdè àti Fúráídè, láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, níbikíbi tí kálukú bá wà, kí wọ́n máa ronú kan ara wọn, kí ẹ̀mí wọn pàdé. Kò sí fóònù, kò sí lẹ́tà tó lè dé láàárín oṣù méjì. Ìyá Ìjọ wa ní ká kọ ibẹ̀ yẹn dáadáa, a ti kọ ọ́.

Ìwàásù tó ṣe nítorí ìrìnàjò yẹn nìyí ní ṣókí: pé Ọlọ́run mọ̀ọ́mọ̀ ṣe olówó àti tálákà kí wọ́n lè nílò ara wọn, pé kí ẹni tó ní púpọ̀ dín ti ara rẹ̀ kù kí ẹni tí kò ní lè jẹ, pé kí wọ́n ṣe bí ẹ̀yà ara kan ṣoṣo, torí gbogbo ayé ló ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ìlú orí òkè, bí wọ́n bá sì ṣe ẹ̀tàn, wọn yóò di ẹni ìtàn lẹ́nu ayé. Ìkìlọ̀ ni o. Àwa ti ń wàásù rẹ̀ bí ẹni pé oríkì ni. Ẹ tún gba èyí: ìwé tó kọ ọ́ sí wà níbì kan fún nǹkan bí igba ọdún láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, 1838 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nítorí náà, pé òun ni wọ́n fi dá Amẹ́ríkà sílẹ̀, irọ́ la pa fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò mọ̀. Ẹ foríjì wá.

Oṣù kẹfà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Salem. Kò tíì pé oṣù kan tí Henry, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, fi kú sínú omi. Ó kọ̀wé sí Margaret, ó sì tún gbé ọ̀bẹ àti àdá, ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́. Omi ibi tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí kò dára, ni wọ́n bá kọjá sí òdìkejì, síbi tí wọ́n wá pè ní Boston. Kí ọdún yẹn tó parí, nǹkan bíi 200 lára wọn ti kú. Ebi àti àìsàn. Àwọn mìíràn padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́.

Ibí yìí la ti kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé lọ́jọ́ kan ní oṣù kejì ọdún 1631, ìyẹ̀fun tó kẹ́yìn nínú àgbá rẹ̀ ló ń bù fún tálákà kan tí ìkookò ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń pe ebi, nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ lójú òkun. Lyon lorúkọ ọkọ̀ náà. Oúnjẹ ló kó wá, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń wo àrùn tó ń jẹ wọ́n lérìgì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn opó Sáréfátì, ẹ kú ojúmọ́.

Ìkejì rèé. Nínú òtútù kan tó mú gan-an, wọ́n wá sọ fún un pé ọkùnrin kan ń jí igi ìdáná rẹ̀ kó. Ó ní, "Ẹ pè é wá, màá wo olè sàn lára rẹ̀." Gbogbo èèyàn ń retí ẹgba. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, gómìnà sọ fún un pé òtútù yìí le, òun sì mọ̀ pé igi rẹ̀ kò pọ̀, kó máa wá bù nínú tòun títí òtútù á fi lọ. Ó wá bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá òun kò ti wo ọkùnrin náà sàn lólè. Ìtàn tí wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni méjèèjì o, ẹ mọ bí ìtàn ẹni rere ṣe máa ń dùn sí i lẹ́nu àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ bá a mu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tiẹ̀ fẹ̀sùn kàn án nígbà kan pé àánú rẹ̀ pọ̀ jù, pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ fún gómìnà.

Nínú ọkọ̀ Lyon tó gbé oúnjẹ wá yẹn, oníwàásù ọ̀dọ́ kan wà níbẹ̀, Roger Williams. Ọkọ̀ kan náà ló gbé ìràpadà àti wàhálà wá. Williams ní ọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ̀tọ́ láti pín ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láìsan owó rẹ̀, ó sì ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú ẹ̀rí ọkàn èèyàn. Ní 1635 kóòtù ní kó kúrò nílùú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ mú un sínú ọkọ̀ padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Winthrop ránṣẹ́ sí i ní bòókẹ́lẹ́ pé kó sá gba ọ̀nà Narragansett. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti tẹ Providence dó. Àwọn méjèèjì ń kọ lẹ́tà síra wọn títí Winthrop fi kú.

A ka ìyẹn, a ní áà, irú gómìnà tó yẹ ká ní nìyí.

Ìgbà náà la wá kan obìnrin inú fọ́tò.

Anne Hutchinson. Agbẹ̀bí ni, ó mọ egbòogi. Ọdún 1634 lòun àti William ọkọ rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ọmọ wọn dé Boston, torí pé oníwàásù tí wọ́n fẹ́ràn, John Cotton, ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe ń tò ilé: iwájú ilé Winthrop gan-an ni wọ́n kọ́lé sí. Títì ló là wọ́n láàárín. Arábìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ ìpàdé nínú pálọ̀ rẹ̀ fáwọn obìnrin, wọ́n á jọ tún ìwàásù Ọjọ́ Ìsinmi yẹ̀ wò. Ó kún. Àwọn ọkùnrin ń wá. Ó tó 60 èèyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Henry Vane, ọmọ ọdún 23 tí wọ́n yàn ṣe gómìnà ní 1636, náà ń wá. Ẹ rò ó wò ná. Gómìnà àná wà nínú ilé rẹ̀ tó ń yọjú lójú fèrèsé, ó ń wo gómìnà òní tó ń wọlé obìnrin tó wà lódìkejì títì lọ gbọ́ Bíbélì.

Ohun tí obìnrin náà ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníwàásù ìlú yẹn, májẹ̀mú iṣẹ́ ni wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn láti fi ìwà wọn díwọ̀n bóyá a ti gbà wọ́n là, wọ́n sì ti ti oore-ọ̀fẹ́ sẹ́yìn. Ó ní ti Cotton yàtọ̀, àti ti àna rẹ̀, John Wheelwright. Nínú ìjọ Boston tí Winthrop fúnra rẹ̀ wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìjọ ló gbè sẹ́yìn rẹ̀. Tí John Wilson, pásítọ̀ wọn, bá dìde láti sọ̀rọ̀, àwọn kan á dìde jáde.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1637 wọ́n tún ìbò dì, ní Newtown lódìkejì odò, kì í ṣe ní Boston níbi tí àwọn ọ̀tá Winthrop pọ̀ sí. Pásítọ̀ Wilson gun igi láti bá ogunlọ́gọ̀ sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, pásítọ̀ lórí igi, lọ́jọ́ ìbò. Winthrop borí, Vane bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin Boston tí wọ́n máa ń gbé ọ̀kọ̀ ṣáájú gómìnà lọ́jọ́ ìsìn kọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní gbé e fún un. Àwọn ìránṣẹ́ ilé rẹ̀ ló ń gbé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run á mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ríni lára. Ọjọ́ tí ẹni tó ń gbé Bíbélì rẹ kò bá gbé e mọ́.

Oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n gbé obìnrin náà wá sí kóòtù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Winthrop ló jókòó bí alága, òun ló ń bi í léèrè, òun náà ló dájọ́. Wọ́n jẹ́ kó dúró lórí ìdúró títí ara rẹ̀ fi ń ṣe bí ẹni fẹ́ ṣubú kí wọ́n tó ní kó jókòó. Ó béèrè òfin tí òun rú. Winthrop ní òfin karùn-ún ni, bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá rẹ, torí pé ìjọba ni baba. Obìnrin náà mú ìwé Títù jáde, pé àwọn àgbà obìnrin ni kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ obìnrin. Winthrop ní àwọn kì í bá obìnrin jiyàn. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń bá a jiyàn láti àárọ̀! Kò rí i mú, títí di ọjọ́ kejì tí obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Ẹ̀mí Ọlọ́run ló ń bá òun sọ̀rọ̀ tààrà. Ó parí. Ẹ̀yin ọmọ Pẹ́ńtíkọ́ọ̀sì, ṣé ẹ gbọ́ ẹ̀sùn yẹn? Ohun tí à ń jẹ́rìí sí ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sídè, òun ni wọ́n fi lé e kúrò nílùú. Nígbà tí wọ́n dájọ́ tán, ó ní òun fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Gómìnà ní kó dákẹ́, pé kóòtù ti mọ ìdí, ó sì ti tó kóòtù.

Ibi tí a ti gbé fóònù sílẹ̀ nìyẹn lóru ọjọ́ yẹn. A máa padà síbẹ̀.

Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin bíi 75 tó gbè sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé onílé ní Roxbury jálẹ̀ ìgbà òtútù. Ní oṣù kẹta ọdún 1638, ìjọ náà tún pè é, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Cotton tó torí rẹ̀ sọdá òkun náà yí padà sí i. Bó ṣe ń jáde lọ, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Dyer dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ jáde. Ó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí ibi tí à ń pè ní Rhode Island lónìí. Kò pẹ́ tí oyún bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Gómìnà gbọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ̀wé lọ wádìí bí ohun tó jáde ṣe rí gan-an, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ẹ ò rí ọwọ́ Ọlọ́run bí. Ọkọ rẹ̀ kú. Ó kó lọ sí ilẹ̀ àwọn Dutch, lẹ́bàá ibi tí New York wà lónìí. Ní 1643 àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí àwọn Dutch ń bá jà pa òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n mú lọ láàyè, Susanna. Ní Boston wọ́n ní ìdájọ́ ni.

A ò fẹ́ kí ẹ rò pé obìnrin yìí nìkan ló jìyà lọ́wọ́ ìlú orí òkè. Lọ́dún 1637 kan náà, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn sọ iná sí abúlé àwọn Pequot ní Mystic, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú, tobìnrin tọmọdé. Wọ́n pín àwọn tó ṣẹ́kù ṣe ẹrú, ilé gómìnà náà gba tirẹ̀. Ọkọ̀ Desire kó díẹ̀ lára wọn lọ sí erékùṣù Caribbean. Nígbà tó padà ní 1638, òwú, tábà àti àwọn adúláwọ̀ ló kó bọ̀. Winthrop kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kọjá lọ, bí ẹni tó ń ka àpò ìrẹsì. Ní 1641 wọ́n ṣe òfin tó fàyè gba ẹrú. Ẹni tó ka iye tálákà tó wà láàárín ìjọ rẹ̀, tó bù nínú àgbá ìyẹ̀fun ara rẹ̀ fún wọn, ojú kan náà ló fi ń wo àwọn èèyàn wa bí ẹrù ọkọ̀. A ò mọ bí a ṣe máa wàásù ìyẹn, a ò sì ní gbìyànjú rẹ̀ lónìí.

Ohun tí à ń rò láti oṣù kan sẹ́yìn ni èyí: báwo ni ọkùnrin tó fún olè nígi, tó ránṣẹ́ sí Williams pé sá lọ, kò ṣe rí àánú kankan fún obìnrin tó wà lódìkejì títì? A rò pé a mọ̀ ọ́n. Olè kò bá a dupò. Igi ló fẹ́. Williams kò sí nínú ìjọ rẹ̀, kò sì gba ọmọ ìjọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Oúnjẹ, owó, igi, Winthrop lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí àwọn èèyàn tó kó la òkun já máa gbọ́ ohùn ẹlòmíì ju tirẹ̀ lọ, pàápàá ohùn obìnrin, ìyẹn ni kò lè fara dà. Ó sì pe ìfarapa ọkàn rẹ̀ ní ogun Ọlọ́run.

Báwo la ṣe mọ̀? Torí a ti ṣe é.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ ti mọ ibi tí à ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ orúkọ arábìnrin náà, kó má kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ó wà lára àwọn 11 tó bá wa bẹ̀rẹ̀. Òun ló ra àga ike méjìlá àkọ́kọ́. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà nínú pálọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdè nítorí aboyún kan tí ara rẹ̀ kò dá. Aboyún náà bí wẹ́rẹ́, àwọn obìnrin kò sì tú ká. Ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì tiwa ní Túsìdè ń fọ́n, tirẹ̀ ń kún. Ẹnìkan wá gbé ohùn rẹ̀ tó gbà sórí fóònù wá fún wa, níbi tó ti ń sọ pé bí a ṣe ń wàásù owó lórí pẹpẹ, àfi bí ẹni tó ń ta oore-ọ̀fẹ́.

A pè é. Ọkùnrin méje la jókòó. Àwa la fẹ̀sùn kàn án, àwa la ṣe alága, àwa la dájọ́. Ó mú Bíbélì dání, ó sọ̀rọ̀ ju gbogbo wa lọ, a ò rí i mú. Ó wá béèrè pé, "Dádì, kí ni mo ṣe gan-an?" A sọ fún un pé ìgbìmọ̀ ti mọ ohun tó ṣe. Ọ̀rọ̀ Winthrop, ní èdè Yorùbá, láìjẹ́ pé a tíì kà á rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi a ka ìwé sí i létí ìjọ, a ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe bá a da nǹkan pọ̀. Aṣọ ló ń tà. Ẹ̀yin la ní kó má rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ sì gbọ́ràn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, iná jó lọ́jà lóru, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn la wàásù lórí Kórà, Dátánì àti Ábírámù, àwọn tí ilẹ̀ la ẹnu gbé mì torí wọ́n ṣàtakò sí Mósè. A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. A kàn ní, "Ẹ ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà?" Ẹ pariwo "Jésù!" Ìjọ mì tìtì. Ọ̀kan lára ìwàásù wa tí ẹ̀dà rẹ̀ tà jù lọ nìyẹn. A ti yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó bá ní i lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ pa á rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tó lé ní ogójì ló jóná lóru yẹn. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti àwọn tó wà nínú ìjọ wa, tí wọ́n ń san ìdámẹ́wàá. A ò wàásù nípa ti àwọn yẹn.

Ní 1645, wọ́n fẹ̀sùn kan Winthrop náà, pé ó lo agbára rẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú Hingham. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga àwọn adájọ́, ó lọ jókòó síbi tí ẹlẹ́jọ́ ń jókòó. Wọ́n dá a láre, wọ́n sì fún un láyè kó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ gan-an, àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń kà á. Ọdún mẹ́jọ péré sí ìgbà tó ní kí ẹlòmíì dákẹ́. Ní 1647 Margaret kú. Ó tún fẹ́ ìyàwó kan, ó sì kú ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1649, lẹ́ni ọdún 61. Nínú nǹkan bí ogún ọdún tí ìlú náà fi wà nígbà ayé rẹ̀, ọdún méjìlá ló fi ṣe gómìnà. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa ikú rẹ̀, pé Thomas Dudley gbé ìwé kan wá sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ kó fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè lé ẹnì kan tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá tiwọn mu kúrò nílùú. Ó kọ̀. Ó ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí òun ti ṣe ti pọ̀ jù. Bí ìtàn yẹn bá jẹ́ òótọ́, ó sọ ọ́ sí Dudley létí. Kò sọ ọ́ létí Anne Hutchinson, torí ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ìyẹn ti kú. Ọdún 1987 ni gómìnà mìíràn ní Massachusetts, Michael Dukakis, tó fọwọ́ sí i pé wọ́n dárí jì í. Ó gbà wọ́n ní 350 ọdún.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, a pe nọ́ńbà arábìnrin náà. Ó ti yí i padà. Ìyá Ìjọ ló bá wa wá òmíràn lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń kí ara wọn ní kọ̀rọ̀, ó sì jọ wá lójú pé wọ́n pọ̀. Nígbà tó gbé e, a sọ gbogbo ohun tí a kọ sókè yìí fún un, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní òun ti gbọ́, ẹ kú ìgbìyànjú sà. Ó béèrè pé ṣé létí òun nìkan la máa sọ ọ́ ni, àbí létí àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́?

Ìdí tí a fi kọ èyí nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ a máa kà á lórí pẹpẹ kan náà, kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. A bi í bóyá á wá. Ó ní òun kò tíì mọ̀.